Pa Mẹ́ta Tí Ìyá Káàdì Kọ́

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ọmọ jòjòló wọ ọsibítù aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé epo yẹn, á sọ fún yín pé kì í ṣe dókítà lèèyàn kọ́kọ́ ń bá pàdé níbẹ̀, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìyá Káàdì ni. Ojú fèrèsé kékeré kan tó ní irin mẹ́rin ló ń jókòó sí, lórí àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, tó máa ń fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni pẹpẹ onípákó wà láti ilẹ̀ dé àjà, káàdì sì kún inú wọn dẹ́nu. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀. Ẹ ò ní tíì kí i tán tó fi máa dìde.

"Irínwó ó lé méje," á wí, á ti nawọ́ sókè. "Ìyá ọlọ́mọ olórí gbọọrọ. Orí ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti padà sípò?"

"Ó ti padà sípò, Màmá."

"Mo sọ fún ẹ àbí n ò sọ fún ẹ? O sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni pé orí tìẹ ló gùn."

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin ọ̀hún náà á rẹ́rìn-ín, á sún ọmọ sókè lẹ́yìn, á lọ jókòó. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìyá Káàdì ò bímọ, àmọ́ kò sí ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò yẹn tí kò mọ ìwọ̀n ẹ̀, ọjọ́ tí ìwọ́ ẹ̀ já, àti oògùn tó bá lò tí ara ẹ̀ á wú. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé nọ́ńbà yín sílé, kò burú. Ojú yín ni nọ́ńbà.

Dókítà Àgbà tó dá ọsibítù sílẹ̀ mọyì ẹ̀ gan-an. Àmọ́ Dókítà Àgbà kú, ọmọ ẹ̀ gorí àga. Dókítà Kékeré ni wọ́n ń pe ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá káàdì. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta tó fi gbé kọ̀ǹpútà dé, tó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó wí. "Yàrá káàdì máa di yàrá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aláboyún. Gbogbo ohun tó wà nínú káàdì máa wọ inú kọ̀ǹpútà. Lópin ọ̀sẹ̀ kẹfà, èmi fúnra mi máa dán ẹni tó ń jókòó lójú fèrèsé wò. Tó bá yege, ó dúró sáyè ẹ̀. Tí ò bá yege, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ẹni tó ń jókòó lójú fèrèsé! Èèyàn mélòó ló ń jókòó níbẹ̀? Gbogbo ojú yí sí Ìyá Káàdì. Nọ́ọ̀sì Àgbà tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ẹ̀.

"Ẹ̀yin tó jẹ́ pé àwa la máa ń bá yín wá nọ́ńbà lórí fóònù," ó wí. "Ìyá, ẹ tètè máa di ẹrù."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Ìyá Káàdì. Ọkọ ti kú, ojú fèrèsé yẹn ló kù. Lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́ pàápàá, á jí ní agogo márùn-ún ààbọ̀, á wẹ̀, á ti máa wọ bàtà kó tó rántí pé kò síbi tó ń lọ. Ó wo iwájú, ó ní òun máa kọ́ ọ. Ṣebí orí kan náà tó gba káàdì ló máa gba kọ̀ǹpútà.

Òun ló sì lọ kan ilẹ̀kùn Dókítà Kékeré lọ́jọ́ kejì. "Dókítà, ẹ má wá tíṣà lọ sọ́nà jíjìn. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n yẹn kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, látìgbà náà ni wọ́n sì ti ń gbé pọ̀ ní yàrá méjì tí ilé ìdáná wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fọ́dún méjì, ó ti fi ọdún kan wá iṣẹ́, kò rí. Dókítà Kékeré gbà á. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí gbogbo ọsibítù fi ń pè é ní Tíṣà, àtẹni tó jù ú lọ àtẹni tó kéré sí i.

Agogo méjì ọ̀sán ni kíláàsì, tí àwọn aláìsàn bá ti dínkù. Èèyàn mẹ́rin ló ń kọ́ ọ, àmọ́ Ìyá Káàdì àti Bàbá Láàbù, ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ló dàgbà jù níbẹ̀. Wọ́n bá ara wọn jókòó sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó bẹ̀rù pàṣán.

"Ẹ di máòsì mú," Tíṣà wí.

"Eku nìyẹn o," Bàbá Láàbù wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má dì í mú jù, Ìyá Káàdì, á bù yín jẹ."

Ìyá Káàdì gbé eku ọ̀hún kúrò lórí tábìlì, ó nà án sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ yí tẹlifíṣọ̀n, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó mira. "Kò gbọ́ mi," ó wí.

"Màmá, ẹ gbé e sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ti ń rìn."

"Ṣé ẹ rí i?" Bàbá Láàbù wí. "Eku kì í fò."

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì, Tíṣà ní kí oníkálukú kọ ohun tó bá fẹ́ mọ̀ sínú àpótí funfun tó wà láàárín, ẹ̀rọ á dáhùn. Ó yí kiri, ó dé ẹ̀yìn Ìyá Káàdì, ó rí i tó ti fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ pé: Ẹ kú ọ̀sán. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu.

"Màmá, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ẹni tí mo fẹ́ bi ní nǹkan ńkọ́? Àbí kí n kàn já lù ú bí ẹni tí kò nílé?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ẹ̀. Àwọn méjèèjì dùn ún wò lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò bá rí wọn.

Àmọ́ èdè Òyìnbó ń dí Ìyá Káàdì lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ọ, ó lè kà á. Ó kàn jẹ́ pé tí Tíṣà bá ti ń sọ "sévù", "kílóòsì", "dílíìtì", ọwọ́ ẹ̀ á dúró, orí ẹ̀ á máa wá a kiri. Lọ́jọ́ kan ó gbé bírò sílẹ̀.

"Tíṣà, sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá, kó lè dúró síbì kan."

"Kò burú, Màmá. Sévù, ẹ pa á mọ́ nìyẹn. Kílóòsì, ẹ pa á dé. Dílíìtì, ẹ pa á rẹ́."

"Pa, pa, pa!" Bàbá Láàbù wí. "Ṣé ọdẹ lo fẹ́ fi wá ṣe ni?"

"Tẹ́ ẹ bá sì parí iṣẹ́ pátápátá, tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sílé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn. Ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀ nìyí."

Ìyá Káàdì ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, olójú ewé ọgọ́ta, tó fi ìwé ìròyìn bò lẹ́yìn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà-gadagba. Pa á mọ́: kó má sọnù. Pa á dé: mo ti ṣe tán pẹ̀lú ẹ̀. Pa á rẹ́: n ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó fa ìlà sábẹ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́, nígbà tó bá ń da omi sínú ìkòkò tíì, á máa sọ ọ́ lábẹ́nu bí ọmọdé tó ń há ìṣirò sórí.

Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Káàdì àwọn tó ṣì ń wá sí ọsibítù jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì. Àràárọ̀ ni Ìyá Káàdì ń tẹ̀ wọ́n, ìka kan ṣoṣo, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún, títí èékánná ìka náà fi fẹ̀. Orí fláàṣì pupa kan ni wọ́n ń kó o sí, ohun tí kò tó àtàǹpàkò. Ní gbogbo Fúráìdè, wọ́n á kó káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ lọ sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń sun báńdéèjì, wọ́n á sun ún.

Fúráìdè àkọ́kọ́, Ìyá Káàdì dúró tì í. "Dókítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ná. Ẹni bá ń kọ́ ilé tuntun kì í kọ́kọ́ wó èyí tó ń sùn sí."

"Ìyá, ilẹ̀ ti há," Dókítà Kékeré wí. "Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ bọ̀ ti dá ọjọ́."

Tíṣà ló fi í lọ́kàn balẹ̀. "Màmá, ẹ má dààmú. Gbogbo Fúráìdè ni màá máa kó ohun tó wà lórí fláàṣì sínú ẹ̀rọ ńlá ní ọ́fíìsì Dókítà. Ibẹ̀ ló máa wà. Lópin ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn ìdánwò yín, a ó pa ti orí fláàṣì rẹ́, torí láti Mọ́ńdè, ẹ̀rọ ńlá la ó máa lò."

Ìyá Káàdì kọ ìyẹn náà sínú ìwé, bí ọmọ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Gbogbo alẹ́ Fúráìdè, tí wọ́n bá ń bu búrẹ́dì, á bi í.

"Ṣé o ti kó o?"

"Mo ti kó o, Màmá."

Kò kó o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó má bàa dà bí ẹni pé mò ń fi pamọ́. Fúráìdè àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tì, Dókítà ti jáde. Ó ní òun á ṣe é ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè dé, ojú ń tì í láti lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá nítorí ohun tó yẹ kó ti ṣe. Fúráìdè kejì, ó ti sọ fún Màmá pé òun ti kó ti àkọ́kọ́. Irọ́ sì dà bí oyún, tó bá ti wọlé, ojoojúmọ́ ló ń tóbi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti ń sọ fún ara ẹ̀ pé òun á kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lópin. Ṣebí orí fláàṣì kan náà ni.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Fúráìdè ni. Ìyá Káàdì wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Ogún káàdì ló kù nílẹ̀, àwọn yẹn ni Dókítà Kékeré ní kó fi ṣe ìdánwò. Tíṣà wà lọ́dọ̀ àwọn aláboyún, wọn ò jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kó má bàa fojú sọ ìdáhùn. Nọ́ọ̀sì Àgbà ló dúró bí ẹlẹ́rìí, ó ká apá mọ́ àyà.

Ìka kan náà gbéra. Orúkọ. Ọjọ́ orí. Ìwọ̀n. Iye ọmọ. Oògùn tí ara kọ̀. Dókítà Kékeré ń wo aago ọwọ́ ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá kò wò ó mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kà á tẹ̀lé e. Ogún káàdì, àṣìṣe kan ṣoṣo, Ìyá Káàdì fúnra ẹ̀ ló sì rí i, tó padà lọ tún un ṣe. Ó pa á mọ́. Ó pa á dé. Ó gbé ọwọ́ sórí itan, òógùn sì bo imú ẹ̀.

"Ìyá," Dókítà Kékeré wí, "ẹ yà mí lẹ́nu. Ẹ yege. Àyè yín ni."

Nọ́ọ̀sì Àgbà tú apá ká. "Ẹ kú oríire o," ó wí, bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá gba owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Fóònù Dókítà dún. Ó gbé e sétí, ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí kọ̀ǹpútà tó ń tàn, ó fi ọwọ́ júwe. "Ẹ pa gbogbo ẹ̀, Ìyá, ká máa lọ."

Ẹ wò ó. Ohun tí ọ̀gá ní lọ́kàn ni pé kó pa ẹ̀rọ, bí èèyàn ṣe ń pa iná, bí èèyàn ṣe ń pa fáànù. Àmọ́ Dókítà ò jókòó ní kíláàsì rí. Ní kíláàsì Tíṣà, kò sẹ́ni tó ń pa ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń sùn ni. Pa mẹ́ta péré ló wà. Ìyá Káàdì ti pa á mọ́. Ó ti pa á dé. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún un pé lẹ́yìn ìdánwò, ti orí fláàṣì máa parẹ́.

Síbẹ̀ ó béèrè. "Gbogbo ẹ̀, Dókítà?"

"Gbogbo ẹ̀." Ó ti ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nínú fóònù.

Ó yan gbogbo ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bi í lédè Òyìnbó bóyá ó dá a lójú, torí ohun tó bá ti lọ báyìí kò ní padà. Ìyá Káàdì rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú ẹ̀ dùn pé ẹ̀rọ náà mọ ọ̀wọ̀. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ẹ̀rọ di funfun.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ra súúdù mẹ́rin fún ọmọ tó kọ́ ọ. Súúdù, àkàrà òyìnbó, oníṣúgà lórí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́.

Mọ́ńdè ni gbogbo ẹ̀ já. Obìnrin aláboyún kan ló kọ́kọ́ dé, ó sọ nọ́ńbà ẹ̀. Tíṣà jókòó ti Ìyá Káàdì, ó ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ. Ó wò ó. Ó yọ ọ́, ó tún ki í bọ̀ ọ́.

"Màmá, kò sí nǹkan kan níbí."

"Ṣebí mo ti pa á rẹ́. Lọ wò ó nínú ẹ̀rọ ńlá."

Tíṣà ò dìde. Ìyá Káàdì yíjú sí i. Ojú tó wò yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Ojú náà ló ń ṣe látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, tó bá fọ́ ife tó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"O ò kó o," Ìyá Káàdì wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi bi ẹ́."

"Mo fẹ́ kó o lọ́jọ́ náà gan-an! Ta ló ní kí ẹ pa á rẹ́ kí n tó dé?"

Jìnnìjìnnì bo ọmọ. Ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, ó kó ẹ̀kọ́ kíláàsì ẹ̀ àti fọ́tò kún orí fláàṣì, bóyá ẹ̀rọ á rò pé kò ṣófo. Ìyẹn ló tún ba èyí tó kù jẹ́. Nígbà tí Dókítà ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ọkùnrin náà jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́, ó sì fa káàdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n jáde. Ìdajì wọn ń ṣe bí èèrà tó tú ká. Ó ní ká ní wọn ò kó nǹkan míì lé e ni, òun ò bá rí púpọ̀. Káàdì olójú pépà sì ti di eérú látọjọ́ yìí wá, títí dé ogún tí wọ́n fi ṣe ìdánwò.

Dókítà Kékeré pè wọ́n wọ ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ńlá wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní.

"Mo ní kí ẹ pa ẹ̀rọ!" ó wí. "Kí ẹ pa iná ẹ̀! Ìyá, ta ló máa ń pa iṣẹ́ tó ṣe rẹ́?"

"Ẹ ní kí n pa gbogbo ẹ̀, Dókítà. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ ṣáà ti pa á lóòótọ́," Nọ́ọ̀sì Àgbà wí láti ẹnu ọ̀nà. "A ò lè sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́."

Dókítà yíjú sí Tíṣà. "Ṣé o kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ láàárín pa ẹ̀rọ àti pa á rẹ́?"

"Mo kọ́ wọn, Dókítà. Ó wà nínú ìwé wọn."

"Ṣé kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíì? Kò sẹ́ni tó ní kí o máa kó o síbì kan?"

Ìbéèrè yẹn ni. Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó gba Ìyá Káàdì là. Ó yíjú sí ọmọ, ó sì dúró dè é. Fáànù ń yí lókè.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n kó o, Dókítà," Tíṣà wí. "Màmá ni fláàṣì máa ń wà lọ́wọ́ wọn."

Ìwé olójú ewé ọgọ́ta wà nínú báàgì Ìyá Káàdì. Ọ̀rọ̀ ọmọ wà nínú ẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Ìyá Káàdì ki ọwọ́ bọ báàgì, ọwọ́ ẹ̀ kan ìwé ìròyìn tó fi bò ó lẹ́yìn. Tó bá yọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa kó ẹrù jáde lónìí, tí ọdún kan míì á tún bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ á máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo fóònù bóyá wọ́n á pè é síṣẹ́. Tí ò bá yọ ọ́, òun ni. Ó ní lọ́kàn ara ẹ̀ pé, jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ó ṣì máa sọ ọ́. Ọmọ tí mo fẹ̀yìn mi pọ̀n ni.

Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú báàgì. Áńkáṣíìfù ló mú jáde, ó fi nu imú.

"Ìyá," Dókítà wí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀, "gbogbo ọsibítù ló ń sọ pé káàdì wà lórí yín. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jókòó ti Tíṣà, ẹ máa pè é, kó máa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọmọ yín ló máa jókòó lójú fèrèsé, kì í ṣe àjèjì."

Bó ṣe di pé wọ́n gbà á padà kí wọ́n lè fà á gbẹ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àga méjì lójú fèrèsé kan. Ìyá Káàdì á di ojú, á pè é, ọmọ á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wàràwàrà bí òjò lórí páànù. "Igba ó lé mẹ́sàn-án. Ìbejì, èyí tó kẹ́yìn ò sunkún títí wọ́n fi dorí ẹ̀ kodò. Oògùn ibà oníkóró máa ń wú u lẹ́nu." "Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún. Ó bí mẹ́rin, ó ń sọ fún ọkọ tuntun pé méjì ni. Kọ mẹ́rin síbẹ̀, má kà á sókè o." Àwọn káàdì míì ò wá sí i lórí. Á di ojú mọ́rí, á ka pẹpẹ lọ́kàn láti òkè dé ilẹ̀, kò ní rí i. "Fo èyí," á wí, omi á sì yí lójú ẹ̀.

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ti gbọ́. Ìyá ọlọ́mọ olórí gbọọrọ, irínwó ó lé méje yẹn, jókòó níwájú pátápátá, ó ń sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Ìyá yẹn ló pa wá rẹ́. Wọ́n ní wọ́n kọ́ ọ títí, orí ò gbé e." Ìyá Káàdì gbọ́ ọ. Ó pe nọ́ńbà obìnrin náà, ó pe ìwọ̀n ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i, ó pe gbogbo ẹ̀ pé, kò fo nǹkan kan.

Nílé, ọmọ ti ń fọ abọ́ kó tó di pé wọ́n ní kó fọ̀ ọ́. Ó ń po tíì fún un, ó ń fi ṣúgà méjì sí i. Kò sọ ohun tó yẹ kó sọ. "Màmá, ṣé kí n bá yín ra ẹsẹ̀?" Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn ún.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n dé ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta. Ìyá Káàdì ò di ojú fún èyí.

"Obìnrin," ó wí. "Ọmọ ọdún mẹ́rin. Kílò mọ́kànlá, ó ti rù. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá ti kú. Ẹni tó gbé e wá: èmi."

Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúró. Tíṣà ń wo kíbọ́ọ̀dù.

"Màmá," ó wí. "Mo fẹ́ lọ sọ fún Dókítà."

"Sọ kí ni?"

"Pé èmi ni. Pé mo ní mo ti kó o."

Ìyá Káàdì wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń retí gbólóhùn yìí. "Lọ," ó wí. "Ọ́fíìsì ṣí."

Tíṣà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dìde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ìyá Káàdì gbọ́ bí bàtà ẹ̀ ṣe ń dún kó-kó-kó títí tó fi dúró. Ó dúró pẹ́. Ilẹ̀kùn ò dún. Kó-kó-kó, bàtà tún ń bọ̀.

"Dókítà ní àlejò," Tíṣà wí, kò jẹ́ kí ojú òun àti ti ìyá ẹ̀ ṣe mẹ́rin.

Ìyá Káàdì ti rí àlejò náà láti ojú fèrèsé. Ó ti jáde, ó ti wọ ọkọ̀, ó ti lọ, kí ọmọ tó dìde rárá.

"Mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta, Màmá."

Ó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé oògùn tí ara wọn kọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì, ó ti àga ẹ̀ mọ́ ògiri, ó jáde. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Màmá, ta ni kí n fún ní nọ́ńbà mi?"

"Ẹni tó wà níbẹ̀," Ìyá Káàdì wí, ó sì yà fún un kó ráyè wọlé.